Irin Ẹ̀rọ Ìsáré Tí Mo Dì Mú

Ẹ̀yin tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ọkàn yín ń ṣàìsàn, ẹ̀yin ni mo kọ èyí sí. Mi ò ní fi oyin sí i. Mo mọ̀ pé bí èèyàn bá yè nínú àìsàn, ó yẹ kó fi ayọ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, kó ní kí àwọn tó ń gbọ́ ọ bá òun dúpẹ́. Mo ń dúpẹ́ o. Ṣùgbọ́n bí mo bá rántí ohun tí mo fi ara mi ṣe lọ́dún yẹn, ìríra ló máa ń kọ́kọ́ dé sí mi kí ọpẹ́ tó dé.

Olùkọ́ eré ìdárayá ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Mòwé. Ọ̀gá Géèmù ni àwọn ọmọ ń pè mí, orúkọ yẹn sì ti di orúkọ tí gbogbo àdúgbò mọ̀ mí sí. Mo sáré gan-an nígbà èwe mi. Nígbà tí mo di olùkọ́, ohun kan tí n kì í gbà lọ́wọ́ ọmọ kankan ni rírẹ́ni jẹ lórí pápá. Ọmọ tó bá gé kọ̀nà, tó gba inú koríko kó lè ṣáájú àwọn yòókù, èmi fúnra mi ni mo máa ń fà á padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, lójú ìyá àti bàbá rẹ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹni tó bá rẹ́ni jẹ nínú eré ìje, ara rẹ̀ ló rẹ́ jẹ. Ẹnu dùn ún ròfọ́.

Bàtà ni mo kọ́kọ́ bá jà. Ìgbà náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ri òpó fóònù mọ́lẹ̀ kiri Mòwé, tí àwọn èèyàn ń gun orí àga láti wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bàtà tó bá wọ̀ mí dáadáa láàárọ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́, ìjà ni kí n tó lè bọ́ ọ. Mo gbé e lọ bá aránbàtà tó bá mi tún un ṣe, mo ní ó ti rán an débi tó fi kéré. Ọkùnrin náà kò tiẹ̀ wo bàtà, ẹsẹ̀ mi ló ń wò. Ó ní, "Ọ̀gá Géèmù, ẹsẹ̀ yín ló wú o." Mo fi ìbínú kúrò níbẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo fi ìka tẹ ojúgun mi, ojú ìka náà sì dúró síbẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn tẹ fùfú. Ó rí mi lára. Mo fa ìbọ̀sẹ̀ sókè bò ó, mi ò sì sọ fún ẹnì kankan.

Lẹ́yìn bàtà, ó kan fèrè. Olùkọ́ eré ìdárayá tí kò lè fọn fèrè, kí ló kù tó fẹ́ ṣe? Tẹ́lẹ̀, bí mo bá fọn ọ́n ní ìpẹ̀kun pápá, ọmọ tó wà ní ìpẹ̀kun kejì á dúró gbagidi. Ní sáà yẹn, mo máa ń fi fèrè sẹ́nu, èémí á tán kí ohùn tó jáde. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Mo ní fèrè ló bàjẹ́, mo ra òmíràn. Nígbà tó yá, ikọ́ dé. Mi ò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́. Ìrọ̀rí mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ fi ń ti ara mi sókè, nígbà tó pẹ́ díẹ̀, orí àga ni mo ń sùn. Ohun tí mo ń tu jáde láàárọ̀ ń hó bí ọṣẹ, ó sì pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Mo máa ń da omi lé e lórí kíákíá kí ìyàwó mi tó jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ lẹ́nu yín, ẹ má da omi lé e. Ẹ pe ẹlòmíràn kó wá wò ó, bó ti wù kó kóni nírìíra tó.

Ìyàwó mi, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Tólú, ń ta ẹja inú fírísà ní Mòwé. Òun ló gbá mi mú níkẹyìn. Ó rí itọ́ náà lára aṣọ ìnujú mi nígbà tó fẹ́ fọ aṣọ. Kò pariwo. Ó kàn gbé aṣọ náà wá síwájú mi, ó ní, "Bàbá Tólú, kí lèyí?" Ní ọjọ́ kejì, a ti wà ní ilé ìwòsàn ìjọba.

Ẹni tí kò bá tíì tò sí ilé ìwòsàn ìjọba rí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní sùúrù. A débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, wọ́n sì ti pín nọ́ńbà kọjá wa. Ìjókòó tí a jókòó sí kọjú sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò ní ilẹ̀kùn. Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń tutọ́ sínú ọ̀rá píọ́ wọ́tà, ó sì ń gbé ọ̀rá náà lélẹ̀ láàárín èmi àti òun bí ẹni gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún àlejò. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó mọ nọ́ọ̀sì ń gba ẹ̀yìn wọlé. Ọ̀sán ti pọ́n gan-an kí ó tó kàn wá.

Ó ti rẹ dókítà tó rí wa, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ ìró àyà sí mi láyà, ó gbé e sí mi lẹ́yìn, ó tẹ ẹsẹ̀ mi. Ó ní òun fura pé ọkàn mi kò lágbára tó láti máa ti ẹ̀jẹ̀ kiri ara mọ́, pé ìdí nìyẹn tí omi fi ń dúró sí mi lẹ́sẹ̀ àti ní àyà. Ó fún mi ní oògùn tó ń mú kéèyàn tọ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló kọ ìwé lé mi lọ́wọ́ pé kí n lọ ṣe àyẹ̀wò kan ní Ìbafò, níbi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ ìsáré, irú èyí tí ilẹ̀ rẹ̀ ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni.

Ó ní, "Wọ́n á gbé yín sórí rẹ̀, á kọ́kọ́ rọra máa lọ, á wá máa yára, á sì máa ga bí òkè. Ẹ máa rìn ín títí tí ẹ ò fi ní lè rìn mọ́. A fẹ́ mọ ibi tí agbára ọkàn yín parí sí. Tó bá ti rẹ̀ yín, ẹ sọ pé ó rẹ̀ yín."

Mo ní mo gbọ́. Ṣé ẹ rí i pé wọ́n sọ fún mi? Kò sí ẹni tó fi òótọ́ pamọ́ fún mi nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ilé ẹ̀kọ́. Obìnrin tó ni ilé ẹ̀kọ́ wa, Mọ́mì ni gbogbo wa ń pè é, ti gbọ́ pé mi ò lè fọn fèrè mọ́. Ó pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá Géèmù, mi ò fẹ́ kí ẹ ṣubú lu ọmọ ọlọ́mọ o. Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ lọ ṣe àyẹ̀wò. Ẹ bá mi mú ìwé rẹ̀ wá. Tó bá sọ pé ara yín le, ẹ máa báṣẹ́ yín lọ. Tí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ó máa jókòó ti àwọn ìwé ní láíbìrì." Láíbìrì wa nígbà náà jẹ́ yàrá kan tí eku ti jẹ ìdajì ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo rí ara mi níbẹ̀, èmi àti eku. Láti ọjọ́ yẹn, àyẹ̀wò tó yẹ kó wá àìsàn mi rí di ìje tí mo gbọ́dọ̀ borí.

Gbogbo ilé sì bá mi gbé e bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. "Ẹ ó yege ní orúkọ Jésù," ó ń sọ ọ́ fún mi bí ìgbà tí Tólú fẹ́ lọ ṣe ìdánwò àṣejáde. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Sáfúrátù, tó ń ta ìkòkò àti abọ́ nítòsí rélùwéè ní Ifọ̀, wá láti bá mi múra. Ó béèrè bóyá kò sí ẹni tó lè bá mi bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò ní béèrè ìbéèrè kankan lọ́wọ́ mi, mo kàn máa rìn ni." Ó ní, "Rírìn náà ni mo ń wí. Gba èyí, kí ẹsẹ̀ rẹ lè gbé ọ." Ó gbé kẹ́ẹ̀gì àgbo kan kalẹ̀. Nígbà tí mo ṣí i, òórùn tó jáde níbẹ̀ dà bíi ti ìtọ̀ ewúrẹ́ tó ti sùn mọ́jú. Mo mu ún. Kí ni mi ò bá mu?

Ní ọjọ́ náà, èmi àti ìyàwó mi wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbafò. Ibi àyẹ̀wò náà wà lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta bátìrì ọkọ̀, ojú rẹ̀ kọ sí márosẹ̀. Mo sinmi lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí àkàsọ̀. Yàrá ẹ̀rọ náà ní gíláàsì níwájú, nítorí náà gbogbo àwọn tó tò síta ń wo ẹni tó bá wà lórí ẹ̀rọ bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun, tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ló ń ṣe àkóso rẹ̀. Ó ní kí n bọ́ ẹ̀wù. Ó mú abẹ láti fá irun àyà mi kí wáyà lè lẹ̀ mọ́ ọn, mo sì rí irun ẹlòmíràn lẹ́nu abẹ náà, irun funfun, tí kì í ṣe tèmi. Mo ní kó pààrọ̀ rẹ̀. Ó pòṣé, ó fi abẹ náà nu ara ògiri, ó mú òmíràn.

Bí ó ti kù díẹ̀ kó kàn mí, iná lọ. Ọkùnrin tó wà lórí ẹ̀rọ ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó sì fi ẹnu lu irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ètè rẹ̀ bẹ́. Wọ́n fi àkísà nu irin náà, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n ní kí n gòkè. Obìnrin náà sọ fún mi pé, "Dádì, ẹ di irin mú dáadáa o, NEPA ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Gbogbo èèyàn ló ń dì í mú." Irin méjì ni, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Nígbà tí mo gbọ́wọ́ lé wọn, ọ̀rá àti òógùn àwọn tó ti ṣáájú mi lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo dì wọ́n mú bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí yí. Ní ìṣẹ́jú kejì, àyà mi ti ń lù kìkìkì. Ní ìkẹta, ojú mi ń ṣókùnkùn, mo sì mọ̀ nínú ara mi pé ibi tí agbára mi parí sí nìyẹn. Ibẹ̀ gan-an ni dókítà ní kí n ti sọ̀rọ̀. Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Ìgbà náà ni ẹnì kan láti ìta mọ̀ mí. Bàbá ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa kan ni. Ó ké pé, "Háà, Ọ̀gá Géèmù tiwa nìyẹn! Ọ̀gá, ẹ máa lọ!" Àwọn tó kù gbà á lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n dìde lórí ìjókòó, àwọn aláìsàn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Obìnrin arúgbó kan ń ké "Jésù! Jésù!" bí ẹsẹ̀ mi ṣe ń lọ. Ìyàwó mi ti ń sunkún ayọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Mo pa ẹnu mi dé. Mo fi gbogbo ara mi lé ọwọ́ méjèèjì. Mo wá rí i pé bí mo bá tẹ irin náà mọ́lẹ̀ gidi, tí mo sì gbé ìdí sókè díẹ̀, ọwọ́ ló ń ru mí, ẹsẹ̀ mi kàn ń jó lórí ilẹ̀ tó ń yí ni. Ẹ̀rọ ń ga, ẹ̀rọ ń yára, èmi ò sì rìn mọ́. Èmi tí mo ti fa ọmọ ọlọ́mọ létí nítorí pé ó gba inú koríko. Mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Obìnrin aláṣọ funfun náà dúró síbẹ̀, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù rẹ̀, ó ń kọ nọ́ńbà. Nígbà tó pa ẹ̀rọ, ó ní, "Dádì, ẹ ju ọ̀dọ́ lọ!" Mo sọ̀ kalẹ̀, mo juwọ́ sí àwọn èèyàn. Ìgbà tí mo dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù bátìrì ni mo bì. Gbogbo àgbo Ifọ̀ ló jáde, àwọ̀ rẹ̀ dúdú, ó sì ń hó nínú gọ́tà.

Ìwé náà dára. Ó ní agbára ọkàn àti èémí mi pọ̀ ju ti ọkùnrin ọjọ́ orí mi lọ. Mọ́mì kà á, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ìyàwó mi gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú, ó nà án sókè níwájú ìjọ, ó ní dókítà sọ pé ọkàn ọkọ òun kò lágbára mọ́, Ọlọ́run sì fi ẹ̀rọ pa dókítà lẹ́nu mọ́. Ìjọ hó yèè. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń ṣe àmín, ìbọ̀sẹ̀ mi sì ti há mọ́ mi lẹ́sẹ̀.

Mo gbé ìwé náà padà fún dókítà ìjọba. Ó wò ó, ó wò mí, ó tún wò ó. Ó ní, "Tó bá jẹ́ pé èyí lẹ ṣe, a jẹ́ pé kì í ṣe ọkàn. Bóyá ẹ̀dọ̀fóró ni." Ó dá oògùn ìtọ̀ dúró, ó kọ oògùn ikọ́. Ó dúró díẹ̀ bí ẹni ń retí kí n sọ nǹkan. Ojú ń tì mí. Mo gba ìwé oògùn náà, mo jáde.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Omi tí oògùn ti ń lé jáde padà wá, ó sì mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání wá. Ikùn mi yọ síta bíi ti aboyún. Bí mo bá tẹríba láti de okùn bàtà, ayé á yí mi lójú. Ẹ̀gbọ́n mi ní wọ́n ti rán nǹkan sí mi láti ibi iṣẹ́, nítorí ìwé fi hàn pé kì í ṣe àìsàn lásán. Ìyàwó mi ní àdúrà ti gbà, pé ẹ̀rí tí a jẹ́ ni Èṣù ń bá jà, kí n má fi àgbo ba ìwòsàn mi jẹ́. Àwọn méjèèjì ò kí ara wọn mọ́. Tí ọ̀kan bá jáde, èkejì á wọlé pẹ̀lú ìgò tirẹ̀. Mo ń mu òróró àdúrà láàárọ̀, mo ń mu àgbo lọ́sàn-án, òórùn àwọn méjèèjì ń jáde lẹ́nu mi. Ìwé kan ṣoṣo ló fa gbogbo rẹ̀, èmi nìkan ni mo sì mọ̀ pé irọ́ ni.

Mo ṣubú lórí pápá nígbà tí a ń múra fún eré ìdárayá ọdọọdún. Mo fẹ́ fi bí wọ́n ṣe ń gbéra han àwọn ọmọ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mi ò dìde mọ́. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé eré ni, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ Mọ́mì ni wọ́n fi gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn. Ìyàwó mi ta fírísà méjèèjì tó fi ń ṣòwò kí wọ́n tó lè bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú mi dáadáa. Ó di ọjọ́ kẹrin kí n tó lè sọ̀rọ̀ láìsinmi láàárín gbólóhùn.

Dókítà tó ń tọ́jú mi níbẹ̀ jẹ́ obìnrin, kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ lọ. Ìyàwó mi ti gbé ìwé Ìbafò fún un, nínú ọ̀rá tó fi ń tọ́jú rẹ̀ kí ó má baà rọ. Obìnrin náà mú un wá síbi bẹ́ẹ̀dì mi. Ó fara balẹ̀ kà á. Lẹ́yìn náà ló wo ẹsẹ̀ mi, tó rí bí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí ẹ ṣe èyí, ibo lẹ gbé ọwọ́ yín sí?"

Mo ní, "Ẹ̀gbẹ́ mi ni."

Ó ń wò mí bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó jẹ ẹran inú ìkòkò. Ìyàwó mi wà níbẹ̀, ó mú kúlà oúnjẹ dání. Mo wo ìyàwó mi, mo wo ìwé náà. Mo ní, "Mo di irin mú."

"Ṣé ẹ kàn gbé ìka lé e ni?"

"Rárá. Mo fi ara mi lé e. Láti ìṣẹ́jú kẹta. Ọwọ́ mi ló ṣe àyẹ̀wò yẹn, kì í ṣe ẹsẹ̀ mi."

Dókítà mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé. Òun ni mo fẹ́ gbọ́." Ó ya ìwé náà sí méjì, ó jù ú sínú ike ìdalẹ̀ tí òwú tó ní ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ìyàwó mi gbé kúlà kalẹ̀. Mo rò pé yóò bú mi, ì bá sàn bó bá bú mi. Ó ní, "Bàbá Tólú, ẹ jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ yẹn, ẹ sì jẹ́ kí n na irọ́ sókè níwájú Ọlọ́run." Ó jáde lọ jókòó sí kọ́ridọ̀. Ó tó wákàtí kan kí ó tó padà wọlé wá fún mi lóúnjẹ, kò sì wo ojú mi bó ṣe ń fún mi. Nínú gbogbo ohun tí mo gbé mì lọ́dún yẹn, oúnjẹ yẹn ló ṣòro jù.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ lóṣù mélòó kan sẹ́yìn. Mo tọ̀ títí mo fi rò pé egungun mi náà máa yọ́ jáde. Ẹsẹ̀ mi padà sí bó ṣe wà. Àmọ́ dókítà sọ ọ́ fún mi láìbò ó pé ọkàn tó ti fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò lè padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́, pé àwọn oṣù tí mo fi pa òótọ́ mọ́ yẹn jẹ nínú rẹ̀.

Nígbà tí ara mi gbà á, wọ́n ṣe àyẹ̀wò náà fún mi bó ṣe yẹ. Wọ́n fi ike kan bo imú àti ẹnu mi, wọ́n fi rọ́bà so ó mọ́ mi lórí, páìpù sì ń gbé èémí mi lọ sínú ẹ̀rọ kan tó ń wọ̀n ọ́n. Ike náà ń rùn bí oògùn apakòkòrò, òórùn ẹnu àwọn ẹlòmíràn sì wà lábẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí itọ́ mi fi kún inú rẹ̀, tó ń ṣàn gba àgbọ̀n mi. Nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan dúró lẹ́yìn mi láti gbá mi mú bí mo bá fẹ́ ṣubú. Dókítà ní kí n jẹ́ kí ọwọ́ mi máa fì bí ẹni ń lọ sọ́jà. Irin wà lọ́tùn-ún, irin wà lósì, wọ́n sì mọ́. Ọwọ́ mi ń yọ́ lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo di ọwọ́ méjèèjì ní ẹ̀ṣẹ́, mo ń rìn.

Mi ò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Mo gbé ọwọ́ sókè pé ó tó. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Wọ́n tú ike náà kúrò, itọ́ dà sí mi láyà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí sunkún bí ọmọdé, nítorí pé àwọn ọmọ Jẹ́léósinmi ní ilé ẹ̀kọ́ wa ń rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà fi aṣọ nù mí fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ó kéré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tiyín ni, Dádì. Èyí tó jẹ́ tiyín la lè tọ́jú."

Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta báyìí. Mò ń lo oògùn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mi ò jẹ iyọ̀ mọ́, ọbẹ̀ mi sì tẹ́ bí omi ìfọwọ́. Mo máa ń rìn láti ilé wa dé jọ́nkìṣọ̀n láràárọ̀, mo sì ń sinmi lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan lórí ìjókòó fọkanáísà, lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń gbé mi padà sórí ẹ̀rọ, ìṣẹ́jú mi sì ti lé mẹ́fà. Láíbìrì ni mo wà ní ilé ẹ̀kọ́. A ti lé eku jáde. Ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó mi ti ń kí ara wọn. Ní ti ẹ̀rí ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó mi padà dúró níwájú ìjọ, ó ní èyí tí òun jẹ́ lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe òótọ́, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ìjọ kò hó lọ́jọ́ náà. Mo dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè rí ẹni tó purọ́.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀, mi ò tiẹ̀ ní in lọ́kàn láti kọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, mo bá ẹnì kan lọ ra bátìrì ní Ìbafò. Mo gbọ́ àtẹ́wọ́ lókè. Mo gun àkàsọ̀ náà, díẹ̀díẹ̀. Àwọn èèyàn dúró sí iwájú gíláàsì. Ọkùnrin kan tó tó ẹgbẹ́ mi wà lórí ẹ̀rọ, wáyà kún àyà rẹ̀, ojú rẹ̀ ti ń di eérú. Ó di irin méjèèjì mú, apá rẹ̀ ń gbọ̀n. Oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ ó fa ìbọ̀sẹ̀ gùn dé orúnkún.

Mo ti ilẹ̀kùn wọlé. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tú ọwọ́ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́. Tó bá rẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó rẹ̀ yín."

Obìnrin kan, ìyàwó rẹ̀ ni mo rò pé ó jẹ́, dojú kọ mí. "Ẹ má fi ẹnu burúkú yín bá ọkọ mi o! Ṣé ẹ ò rí i pé ó ń ṣe dáadáa ni?" Obìnrin aláṣọ funfun náà, ṣingọ́ọ̀mù ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ní kí n jáde, pé mò ń dí àwọn lọ́wọ́. Wọ́n ń tì mí síta. Ọkùnrin náà yíjú, ó wò mí. Ó mọ̀ pé mo mọ̀. Lẹ́yìn náà ló tún irin náà dì mú, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe kọ èyí. Ẹ̀gbọ́n mi, bó bá dé ọwọ́ yín, tí ẹ bá ṣì wà, ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ yẹn kí ìyàwó yín rí ẹsẹ̀ yín. Ẹ mú ìwé tí wọ́n fún yín ní Ìbafò, ẹ ya á. Kí ẹ tó tún gun ẹ̀rọ míì, ẹ sọ fún dókítà ibi tí ẹ gbé ọwọ́ yín sí.